Felicia Abban, Obìnrin tí ó Kọjú Kámẹ́rà sí Ara Rẹ̀

Nígbà kan tí mo ń ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ nínú kíláàsì, mo fi "onífọ́tò" ṣe àpẹẹrẹ. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan na ọwọ́ sókè, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, kí ló dé tí a fi máa ń sọ pé 'bàbá onífọ́tò', tí a kì í sì í gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé 'ìyá onífọ́tò'?" Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí ìbéèrè náà jinlẹ̀ ju bí ó ti dún létí lọ.

Gírámà Yorùbá kò ya akọ sọ́tọ̀ kúrò lára abo nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí. A fi "oní" mọ́ "fọ́tò", ó sì di ẹni tí ó ń fi fọ́tò ṣiṣẹ́, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin. "Ó" kan náà ni a fi ń rọ́pò àwọn méjèèjì. Bí "bàbá" bá wá ń ṣíwájú ọ̀rọ̀ náà nígbà gbogbo, kì í ṣe èdè ni ó fi í síbẹ̀, ohun tí ojú àwọn ènìyàn ń rí ní ìgboro ni. Ní Òkìtìpupa níbi tí mo gbé dàgbà, ní Ìlútítun, àti ní Òde-Ìrèlè, ọkùnrin ni a sábà ń bá lẹ́nu ọ̀nà ilé fọ́tò. Nítorí náà, ìtàn ni ó lè dá akẹ́kọ̀ọ́ yìí lóhùn, gírámà kò lè dá a lóhùn. Ìtàn tí mo mú wá ni ti Felicia Abban, ọmọ orílẹ̀-èdè Ghana, ẹni tí a mọ̀ sí obìnrin àkọ́kọ́ tí ó fi fọ́tò yíyà ṣe iṣẹ́ òòjọ́ ní orílẹ̀-èdè náà. Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024 ni ó papò dà.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló pa ará Ìkálẹ̀ pọ̀ mọ́ ará Ghana. Ó pọ̀. Òkun tí ó ń fọ́ sí etíkun àwọn Ìlàjẹ, aládùúgbò wa, náà ni ó ń fọ́ sí etíkun Takoradi. Àwọn Yorùbá ti ń ṣòwò ní ilẹ̀ Ghana láti ìgbà tí wọ́n ṣì ń pè é ní Gold Coast, títí ìjọba Busia fi pàṣẹ ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969 pé kí àjèjì tí kò ní ìwé máa lọ. Lẹ́yìn náà ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ olùkọ́ láti Ghana wá kún inú ilé-ẹ̀kọ́ girama wa, àwọn ẹ̀gbọ́n mi sì kọ́ ìmọ̀ ìṣirò lọ́dọ̀ wọn, títí ìjọba Shagari fi lé àwọn náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1983. (Báàgì onílà tí wọ́n fi kó ẹrù wọn, orúkọ ìléjáde yẹn ni a ṣì fi ń pè é lọ́jà Òkìtìpupa títí di òní.) Yàtọ̀ sí èyí, àṣà ilé fọ́tò kan náà ni ó wà ní gbogbo etíkun náà: aṣọ tí wọ́n ya igi àti ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí, tí wọ́n ta sí ẹ̀yìn ẹni tí ó jókòó, àga kan tí gbogbo ìlú ti jókòó lé rí, òdòdó oníke lórí tábìlì kékeré, àti aago ọwọ́ tí onífọ́tò máa ń yá oníbàárà tí kò ní tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ "àwòrán" wò, nítorí yóò wúlò fún wa níwájú. Àwòrán ni ohun tí a ń wò. Awòran ni ẹni tí ó ń wò ó. Ohùn nìkan ni ó ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀ létí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Lawal, onímọ̀ ìtàn iṣẹ́ ọnà, tilẹ̀ rí "rántí" nínú ìdajì ìkẹyìn "àwòrán", pé ohun tí a wò tí a fi rántí ni. Irú ìtúpalẹ̀ báyìí máa ń kọ àwa onímọ̀ ẹ̀dá-èdè lóminú, nítorí pé ìtumọ̀ ni ó ń tẹ̀lé ju ìró lọ. Síbẹ̀, ó bá ìlò mu. Ní Ìlá-Ọ̀ràngún ní àwọn ọdún 1970, wọ́n ṣe àkọsílẹ̀ pé fọ́tò ti ń gba ipò ère ìbejì: bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, onífọ́tò yóò ya èyí tí ó kù, yóò sì tẹ àwòrán náà ní ẹ̀ẹ̀mejì sórí ìwé kan ṣoṣo, kí Táíwò àti Kẹ́hìndé lè jókòó pọ̀. Ẹni mẹ́ta ni ó wà nídìí àwòrán kọ̀ọ̀kan nígbà náà: ẹni tí ó yà á, ẹni tí a yà, àti awòran. Ẹni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni Felicia Abban jẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìdí rẹ̀ sì nìyí tí mo fi rò pé ìtàn rẹ̀ kọjá ọ̀rọ̀ "obìnrin àkọ́kọ́" tí gbogbo ènìyàn ń tẹnu mọ́.

Kámẹ́rà kò pẹ́ dé ilẹ̀ wa bí a ti ń rò. Kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí, àwọn aláwọ̀ dúdú tí ń ya fọ́tò fún owó ti wà ní Freetown, ní Accra, àti ní Èkó. Ará Accra ni Neils Walwin Holm tí ó wá ṣí ilé fọ́tò sí Èkó. Jonathan Adagogo Green ń ya àwọn ọba àti ìjòyè ní Bonny kí ó tó kú ní ọdún 1905. Ọkùnrin ni wọ́n. Kì í ṣe pé àṣà kan sọ pé kámẹ́rà jẹ́ èèwọ̀ obìnrin. Iṣẹ́ tuntun ni, kò sí ìdílé tí ó ni ín bí ìdílé àgbẹ̀dẹ ti ni irin, kò sì sí ẹbọ kankan nídìí rẹ̀. Owó ni ó ṣòro. Kámẹ́rà, gíláàsì, ìwé àti oògùn tí a fi ń fọ fọ́tò wá láti ilẹ̀ òkèèrè, ẹni tí yóò rà á gbọ́dọ̀ ní olówó lẹ́yìn. Ẹni tí yóò sì kọ́ ọ gbọ́dọ̀ rí ọ̀gá tí yóò gbà kí òun lo ọdún púpọ̀ nínú yàrá òkùnkùn rẹ̀. Bàbá mélòó ni yóò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ obìnrin wọ yàrá òkùnkùn ọkùnrin tí kì í ṣe ẹbí?

Níbi yìí ni ọ̀nà ti là fún Felicia. Felicia Ansah ni orúkọ rẹ̀ kí ó tó lọ́kọ. Ní nǹkan bí ọdún 1936 ni wọ́n bí i ní agbègbè Sekondi-Takoradi, ìlú èbúté ọkọ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Gold Coast. Òun ni àkọ́bí nínú ọmọ mẹ́fà. Onífọ́tò ni bàbá rẹ̀, J. E. Ansah. Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún 14, ó di ọmọṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Yàrá òkùnkùn bàbá ẹni kì í ṣe yàrá ọkùnrin àjèjì. Mo gbà pé ohun kékeré yìí, ju ìgboyà tàbí ẹ̀bùn àbínibí lọ, ni ó mú kí ó ṣeé ṣe. Ìgboyà wúlò, ṣùgbọ́n ẹni tí kò rí ilẹ̀kùn kò lè fi ìgboyà wọlé.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ kámẹ́rà míì ju èyí tí ó wà nínú fóònù lọ lè má mọ ohun tí ọmọ ọdún 14 yìí kọ́. Kámẹ́rà ilé fọ́tò ìgbà náà tóbi, ó dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, onífọ́tò a sì fi aṣọ dúdú bo orí kí ó lè rí ẹni tí ó ń yà, ẹni náà a dorí kodò lórí gíláàsì. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò. Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ gan-an bẹ̀rẹ̀. Nínú yàrá òkùnkùn, a ó ri nẹ́gátíìfù sínú oògùn àkọ́kọ́ tí yóò mú kí àwòrán jáde, a ó fi omi ṣàn án, a ó rì í sínú oògùn kejì tí kò ní jẹ́ kí ó parẹ́, a ó tún fi omi fọ̀ ọ́ dáadáa, a ó sì sá a lórí okùn bí aṣọ. Ìdí nìyí tí Yorùbá fi ń sọ pé a "fọ" fọ́tò. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àfiwé rárá, ohun tí ojú rí ni ẹnu sọ. Funfun ni dúdú nínú nẹ́gátíìfù, dúdú sì ni funfun. Onífọ́tò yóò wá mú pẹ́ńsù ẹlẹ́nu ṣóńṣó, yóò máa fi tọ́ ojú nẹ́gátíìfù náà díẹ̀díẹ̀, kí àpá tàbí ìlà ojú tí oníbàárà kò fẹ́ lè pòórá nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá wúwo yóò ba ojú jẹ́. Ẹni tí kò bá fara balẹ̀ pẹ̀lú oògùn, àwòrán rẹ̀ yóò pọ́n láàárín ọdún díẹ̀. Àwọn àwòrán tí Felicia fọ̀ ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn ṣì mọ́ lójú. Ẹ̀rí nìyẹn pé bàbá rẹ̀ kọ́ ọ dáadáa.

Nígbà tí ó jẹ́ ọmọ nǹkan bí ọdún 18, ó fi ilé sílẹ̀, ó gba Accra lọ. Ní ọdún 1955, kí ó tó pé ọmọ ogún ọdún, ó ṣí ilé fọ́tò tirẹ̀ sí Jamestown, àdúgbò àtijọ́ tí ó wà létí òkun ní Accra. Ẹ wo orúkọ tí ó wà lára ilé náà: "Mrs. Felicia Abban's Day and Night Quality Art Studio". Gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni ó ń ṣiṣẹ́. "Tọ̀sán tòru" sọ fún ará ìgboro pé ó ní iná mànàmáná, pé ẹni tí ó ń bọ̀ láti òde àríyá lálẹ́ lè yà wọlé kí aṣọ rẹ̀ tó rún. "Mrs." sọ pé abilékọ ni, kí ìyàwó ilé lè wọlé láìsí ìfura, kí ọkọ ìyàwó náà sì lè sùn dáadáa. "Quality" kò nílò àlàyé. Ṣùgbọ́n "Art" ni ó wù mí jù. Kò dúró de ẹnikẹ́ni láti Yúróòpù kí ó tó pe iṣẹ́ rẹ̀ ní iṣẹ́ ọnà. Ó kọ ọ́ sára ògiri.

Àdúgbò tí ó ṣí i sí kì í ṣe ibi tí kò sí olùdíje. Láti ọdún 1922 ni J. K. Bruce Vanderpuije ti ṣí ilé fọ́tò Deo Gratias sí Jamestown, gbogbo àwọn ọlọ́lá Accra sì ti gba ibẹ̀ kọjá. James Barnor, tí wọ́n bí ní ọdún 1929, ti ní ilé fọ́tò tirẹ̀ tí ó ń jẹ́ Ever Young ládùúgbò náà kan náà. Láàárín irú àwọn ògbólógbòó bẹ́ẹ̀ ni ọmọbìnrin láti Takoradi gbé àga tirẹ̀ kalẹ̀, tí ó sì rí oníbàárà.

Àkókò náà sì dára fún ẹni tí ó bá ní kámẹ́rà. Ní ọjọ́ 6, oṣù Kẹta, ọdún 1957, Gold Coast gba òmìnira, ó sì di Ghana. Gbogbo ènìyàn fẹ́ kí àwòrán òun fi hàn pé ayé tuntun ti dé. Ọkọ rẹ̀, Robert Abban, tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ yíya ọnà sára aṣọ, ni ó ṣe aṣọ ìrántí òmìnira tí ojú Kwame Nkrumah àti òdòdó wà lára rẹ̀. Ẹ rò ó wò: ọkọ ya olórí orílẹ̀-èdè sára aṣọ, ìyàwó sì ń ya àwọn tí wọ́n ró aṣọ. Ní àwọn ọdún 1960, Felicia ṣiṣẹ́ pẹ̀lú Guinea Press, ilé ìtẹ̀wé ẹgbẹ́ òṣèlú CPP ti Nkrumah, ó sì ya Nkrumah fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn ológun gba ìjọba ní ọjọ́ 24, oṣù Kejì, ọdún 1966, wọ́n sì wó ère Nkrumah lulẹ̀ ní Accra. Ilé fọ́tò Felicia kò wó. Ní èrò tèmi, ohun tí ó gbà á ni pé kì í ṣe ìjọba ni ó gbé e ró. Àwọn ìyàwó, ìyá ọmọ, ọmọ tí ó gba ìwé ẹ̀rí, àti àwọn tí wọ́n fẹ́ fọ́tò pásípọ́ọ̀tù ni ó gbé e ró, àwọn wọ̀nyí kò sì tán nígbà tí ìjọba yí padà.

Mo ti dé ibi tí mo fẹ́ dé báyìí. Láti àwọn ọdún 1950 títí di àwọn ọdún 1970, Felicia Abban ní àṣà kan. Bí ó bá ti múra òde tán, kí ó tó jáde nílé fọ́tò rẹ̀, yóò to iná, yóò gbé kámẹ́rà kalẹ̀, yóò sì jókòó síwájú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Nínú àwọn kan, aṣọ ìbílẹ̀ ni ó wọ̀. Nínú àwọn mìíràn, gáùn tí ó lòde nígbà náà ni. Ó ń wo ojú kámẹ́rà tààrà tàbí kí ó yí ọrùn díẹ̀ bí ẹni tí ó mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ yóò ti bà, nítorí pé òun ni ó gbé ìmọ́lẹ̀ náà síbẹ̀. Àwọn àwòrán yìí ni ó fi ń polówó iṣẹ́ rẹ̀. Oníbàárà tí ó bá wọlé yóò rí ọ̀gá ilé lára ògiri, yóò rí aṣọ, yóò rí ìdúró, yóò sì sọ pé òun náà fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àwọn onímọ̀ iṣẹ́ ọnà lóde òní fẹ́ràn láti jiyàn bóyá ọnà ni àwọn àwòrán wọ̀nyí tàbí ìpolówó ọjà. Àríyànjiyàn yìí kò ní ìtumọ̀ fún ẹni tí ó bá ronú ní èdè Yorùbá. Ẹni tí ó ń gbẹ́ ère, owó ni ó fi ń gbẹ́ ẹ; aláró tí ó pa adìrẹ, ọjà ni ó ń gbé e lọ; kò sì sí ẹni tí ó sọ pé nítorí náà kì í ṣe ọnà. Ohun tí ó jọ mí lójú ni ẹni tí ó di ìdarí mú. Ẹ fi wé J. D. 'Okhai Ojeikere, ọ̀gá onífọ́tò Nàìjíríà tí ó kú ní ọdún 2014. Láti ọdún 1968 ni ó ti ń ya irun dídì àwọn obìnrin wa, ó sì kó nǹkan bí 1,000 nẹ́gátíìfù jọ. Iṣẹ́ ńlá ni, èmi náà ń lò ó láti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní orúkọ irun. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn orí ni ó yà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ rẹ̀. A mọ irun; a kò mọ ẹni tí ó ni orí. Àwọn àgbà ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Felicia kọjú sí wa, orúkọ rẹ̀ wà lára ilé, ọwọ́ rẹ̀ ni ó sì fọ fọ́tò náà. Òun náà ni awòran àkọ́kọ́, nítorí pé òun ni ó dúró nínú òkùnkùn tí ó rí i bí ojú ara rẹ̀ ti ń yọ bọ̀ díẹ̀díẹ̀ láti inú omi.

Ohun tí ó tẹ̀lé e yára sọ. Fọ́tò aláwọ̀ dé, ẹ̀rọ tí ń fọ fọ́tò láàárín wákàtí kan dé, ọjọ́ orí dé, àìsàn oríkèé-ríkèé sì mú un lọ́wọ́ tí kò fi lè gbé kámẹ́rà mọ́. Àwọn àwòrán rẹ̀ wà nílé. Ní àkókò kan náà, ayé ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn onífọ́tò ilẹ̀ adúláwọ̀ kiri. Ní ọdún 1991, wọ́n pàtẹ àwọn fọ́tò kan láti Bamako ní New York, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ wọn pé a kò mọ ẹni tí ó yà wọ́n. Seydou Keïta ni ó yà wọ́n, ó sì wà láàyè ní Bamako nígbà náà. Láàárín ọdún mẹ́ta, ó ti ní ìpàtẹ tirẹ̀ ní Paris. Àwọn ọkùnrin bíi tirẹ̀ di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ ní àwọn ọdún 1990. Ọdún 2017 ni ti Felicia tó dé, nígbà tí Nana Oforiatta Ayim, òǹkọ̀wé àti onímọ̀ ìtàn iṣẹ́ ọnà, pàtẹ àwọn àwòrán rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ àṣà ANO ní Accra. Ó ti lé ní ọmọ 80 ọdún.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019, Ghana ní ilé tirẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà àgbáyé ti Venice ní Ítálì. Nana Oforiatta Ayim náà ni alákòóso. Ayàwòrán-ilé David Adjaye ṣe àwọn yàrá rẹ̀ ní ribiti bí ilé amọ̀ àwọn Gurunsi ní àríwá Ghana. Ẹni mẹ́fà ni iṣẹ́ wọn wà níbẹ̀: El Anatsui, tí ó lo ọ̀pọ̀ ọdún gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ní Yunifásítì Nsukka níhìn-ín, Ibrahim Mahama, John Akomfrah, Lynette Yiadom-Boakye, Selasi Awusi Sosu, àti Felicia Abban. "Ghana Freedom" ni wọ́n pe ìpàtẹ náà, orúkọ orin tí E. T. Mensah kọ fún òmìnira. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á, nítorí pé ní ilẹ̀ Yorùbá, "fírídọ́ọ̀mù" ni a ń pe ayẹyẹ tí ọmọṣẹ́ máa ń ṣe nígbà tí ó bá kọ́ṣẹ́ parí, tí ọ̀gá gbàdúrà fún un, tí wọ́n jẹ tí wọ́n mu, tí wọ́n sì ya fọ́tò.

Kí ẹ má baà rò pé ilẹ̀ adúláwọ̀ nìkan ni a ti ń gbàgbé irú obìnrin bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí a dé Amẹ́ríkà fún ìṣẹ́jú kan. Evelyn Cameron, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n bí ní ọdún 1868, bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Montana, ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, nígbà tí àwọn aláwọ̀ funfun ń tẹ̀ dó sórí ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀. Òwò ẹṣin tí wọ́n bá lọ kò yọrí. Ní ọdún 1894, ó kọ́ bí a ṣe ń ya fọ́tò fúnra rẹ̀, ó sì ń gun ẹṣin láti oko dé oko, ó ń ya àwọn àgbẹ̀, àwọn darandaran, ẹyẹ àti ẹranko, ó ń ta àwọn fọ́tò náà. Síkẹ́ẹ̀tì tí ó là ní ìsàlẹ̀ bíi ṣòkòtò ni ó wọ̀ láti gun ẹṣin, ọ̀rọ̀ náà sì di ariwo nínú ìlú. Òun náà ya ara rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn àwòrán rẹ̀ tí a mọ̀ jù ni èyí tí ó ti nàró gbọnrangandan lórí ẹ̀yìn ẹṣin. Ó kú ní ọdún 1928. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ obìnrin, Janet Williams, kó àwọn nẹ́gátíìfù àti ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ rẹ̀ sí yàrá abẹ́ ilé, wọ́n sì wà níbẹ̀ fún àádọ́ta ọdún kí Donna Lucey tó bá wọn ní ìparí àwọn ọdún 1970. Ọdún 1990 ni ìwé rẹ̀ lórí wọn jáde.

Obìnrin méjì, ilẹ̀ méjì tí kò jọ ara wọn rárá. Ohun kan ṣoṣo ni ó mú kí a mọ àwọn méjèèjì: ẹnìkan kò da àpótí nù. Èyí ni ó sì ń kan mí lára nígbà tí mo bá ronú sí Ìkálẹ̀.

Àwọn ilé fọ́tò wa àtijọ́ ti tì. Ẹ̀rọ fọ́tò aláwọ̀ kọ́kọ́ mú kí yàrá òkùnkùn di ibi ìkóǹkansí, lẹ́yìn náà ni kámẹ́rà dígítà dé, lẹ́yìn náà ni fóònù. Nígbà tí onífọ́tò bá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò pín ilé, yóò pín ilẹ̀, wọn yóò sì bá páálí nẹ́gátíìfù kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kò sí ẹni tí ó ń jà sí nẹ́gátíìfù. Òjò àti ọ̀rinrin agbègbè tiwa, tí igbó àti omi yí ká, kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Nẹ́gátíìfù a lẹ̀ mọ́ra, yóò di odidi kan, wọn yóò sì dáná sun ún mọ́ pàǹtí ẹ̀yìnkùlé. Bí "ìyá onífọ́tò" kan bá ti wà rí láàárín Òkìtìpupa àti Òde-Ìrèlè, bóyá ìyàwó onífọ́tò tí ó ń fọ fọ́tò nígbà tí ọkọ wà lóde, bóyá ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ó mọ ọwọ́ pẹ́ńsù ju bàbá lọ, inú páálí bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rí rẹ̀ yóò wà. Ọ̀rọ̀ wa sì ti pa irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí pé "ìyàwó onífọ́tò" ni wọn yóò máa pè é, a ó sì gbàgbé láti béèrè ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe.

Fọ́tò tí ó wà nínú ilé ni ó kù. Ẹ yí i padà. Lẹ́yìn fọ́tò àtijọ́, ẹ ó sábà bá òǹtẹ̀ aláwọ̀ àlùkò tí ó ní orúkọ ilé fọ́tò àti ìlú, àti ìlà méjì tàbí mẹ́ta tí ẹnìkan fi bírò kọ: ọjọ́, orúkọ, ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí. Fún èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ èdè, ìlà mẹ́ta yìí jẹ́ ìṣúra. Ẹni tí ó kọ ọ́ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, ó ń gbìyànjú láti kọ Yorùbá àjùmọ̀lò, ṣùgbọ́n ẹ̀ka-èdè Ìkálẹ̀ ń yọ lára rẹ̀: fáwẹ́lì "u" ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ, níbi tí Yorùbá àjùmọ̀lò kì í gbé e sí, kọ́ńsónáǹtì "gh" tí àwọn ará Ọ̀yọ́ kò ní mọ́, "iye" níbi tí ìwé kíkà sọ pé kí a kọ "ìyá". Lójú tèmi, ọ̀kan nínú àwọn àkọsílẹ̀ díẹ̀ tí a ní nìyí nípa bí àwọn òbí wa ṣe ń kọ èdè wọn nígbà tí tíṣà kò sí nítòsí.

Nítorí náà, iṣẹ́ ìsinmi tí mo ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tí wọ́n jẹ́ ọmọ Ìkálẹ̀ kì í ṣe ìwé kíkà. Mo ní kí wọ́n lọ bẹ àwọn ìyá àgbà pé kí wọ́n jọ̀wọ́ gbé álíbọ́ọ̀mù jáde, kí wọ́n fi fóònù ya iwájú àti ẹ̀yìn fọ́tò kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì béèrè ohun mẹ́ta: ta ni èyí, ta ni ó yà á, ta ni ó fọ̀ ọ́. Kí wọ́n kọ ìdáhùn sílẹ̀ bí ó ti jáde lẹ́nu àgbà gan-an, kí wọ́n má ṣe tún Ìkálẹ̀ rẹ̀ ṣe. Ìbéèrè kejì rọrùn, òǹtẹ̀ ti dáhùn rẹ̀. Ìbéèrè kẹta ni ó máa ń mú kí àwọn àgbà dákẹ́ díẹ̀, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í rántí.